Igun Tí Rẹfirí Kì Í Dé Mọ́

Orúnkún ọ̀tún ni. Kò wú, kò yẹ̀, kò sì sí dókítà kan tó máa wò ó tí á káwọ́ lérí. Ó kàn máa ń dùn ún ni, ìrora kékeré báyìí lábẹ́ egungun tó bo orúnkún, àgàgà tó bá fẹ́ yí sí apá òsì lójijì. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́, kò sí nǹkan kan. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ náà á rán an létí pé ọdún méjìléláàádọ́ta rèé táwọn méjèèjì ti jọ ń bọ̀.

Iṣẹ́ táìlì lọkùnrin náà ń ṣe. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, orí ìkúnlẹ̀ ló ń wà nínú ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná àwọn ẹlòmíì, tí á máa fi òòlù onírọ́bà lu táìlì jẹ́jẹ́ títí tí á fi jókòó. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè é ní onítáìlì. Rẹfirí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń fọn fèrè ní gbogbo ọ̀sán Sátidé lórí pápá ẹ̀yìn ilé ìwé, níbi táwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àtàwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín ara wọn. Ìfẹ́ bọ́ọ̀lù nìkan ló ń gbé wọn débẹ̀, òun náà pẹ̀lú wọn.

Ohun kan ṣoṣo ló fi ń yangàn, ẹ má sì bá a wí, gbogbo wa la ní tiwa. Ó máa ń dé ibi tí ọ̀rọ̀ bá wà. Àwọn rẹfirí kan wà tó jẹ́ pé àárín pápá ni wọ́n á dúró sí bí òpó iná, tí wọ́n á máa nàka káàkiri. Òun ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbá ẹnì kan ṣubú, kí ẹni náà tó ráyè kígbe ni Rẹfirí á ti dúró lé e lórí. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í sì í yí padà: ohun tóun bá rí lòun ń fọn fèrè sí, ohun tóun ò bá rí, kò ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì mọ́gbọ́n wá, nígbà tí orúnkún ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni orúnkún ti ń ṣe ségesège. Rẹfirí ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ra báńdéèjì onírọ́bà kan, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ṣòkòtò gígùn lọ sí pápá kí wọ́n má bàa rí i. Ó ní òtútù ń mú òun, nínú oòrùn tó ń bó gbogbo èèyàn lára. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló dé tó ń di ògiri mú kó tó dìde, ó ní sìmẹ́ǹtì tóun rù lánàá ló wúwo. Obìnrin náà wò ó títí. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo bàtà rẹ̀ tó máa ń wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ti wà lórí àpótí, níbi tí kò ti ní bẹ̀rẹ̀ kó tó mú un.

Igun kan wà ní apá òsì pápá náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi ilé ìwé. Kí rẹfirí tó lè débẹ̀ kíákíá, ó gbọ́dọ̀ sáré, kó sì yí sí òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Rẹfirí ò fìgbà kan pinnu pé òun ò ní débẹ̀ mọ́ o. Ẹsẹ̀ ló bá a pinnu. Bí bọ́ọ̀lù bá ti forí lé ọ̀nà táǹkì, á rìn díẹ̀, á dúró, á sì máa na ọrùn wò. Àsíá kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní, Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ló máa ń gbé e dúró, ní apá kejì pápá lọ́hùn-ún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dun èèyàn nìyí. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀dọ́kùnrin kan láti ẹgbẹ́ ilé búrẹ́dì, ẹni tó ń po ìyẹ̀fun níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bíńtín torí pé kò tóbi ju kèrègbè lọ, gbé bọ́ọ̀lù lọ sí igun táǹkì. Nígbà tó máa padà, ètè rẹ̀ ti bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lágbọ̀n rẹ̀. Ó ní ọ̀kan lára àwọn awakọ̀ táwọn ń bá gbá bọ́ọ̀lù ló fi ìgbọ̀nwọ́ gbá òun lẹ́nu. Rẹfirí ní òun ò rí nǹkan kan. Bíńtín ní kí wọ́n wo ẹnu òun. Rẹfirí ní ẹnu lè bẹ́ níbi tó bá wù ú. Nígbà tí ọmọkùnrin náà ò yéé rojọ́, Rẹfirí yọ káàdì yẹ́lò sí i, gbogbo àwọn tó ń wòran sì rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa gbá àṣekágbá láàárín àwọn awakọ̀ àti ilé búrẹ́dì, iṣẹ́ gbé Rẹfirí lọ sí ọ́fíìsì àwọn awakọ̀ náà. Ilé ìwẹ̀ wọn ló ń tẹ́ táìlì sí. Ó kúnlẹ̀ sórí àpò sìmẹ́ǹtì tó ká mẹ́rin, ó ń yọ sìmẹ́ǹtì kúrò láàárín táìlì, nígbà tó gbọ́ ohùn ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn lódì kejì ògiri. Jíà ni wọ́n ń pe ọ̀gá náà, torí bó ṣe máa ń lo jíà ọkọ̀ bí ẹni ń bá a jà. Ó ń ṣètò bí wọ́n ṣe máa gbá ti Sátidé.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," ni Jíà wí. "Bíńtín ni gbogbo agbára wọn. Ẹ má fọwọ́ kàn án láàárín pápá o. Ẹ jẹ́ kó dé igun táǹkì. Ohun tó bá wù yín, ẹ ṣe é fún un níbẹ̀. Bàbá kì í débẹ̀ mọ́."

Ẹnì kan béèrè bóyá wọ́n ti bá Rẹfirí sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni. Jíà rẹ́rìn-ín.

"Ta ló fẹ́ bá a sọ ọ́? Bàbá yẹn ò lè ṣègbè láéláé. Orúnkún ló ń dùn ún. Gbogbo wa la mọ̀, òun nìkan ló rò pé a ò mọ̀."

Rẹfirí ò mira. Táìlì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí tí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Kì í ṣe ète tí wọ́n ń pa ló ká a lára jù. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi sá fún àwọn tó fẹ́ fi oúnjẹ tàbí ọ̀rọ̀ dídùn fa ojú rẹ̀ mọ́ra, láìmọ̀ pé òun fúnra òun ti fi odindi igun kan ta àwọn ọ̀dájú lọ́rẹ. Ó rántí ètè Bíńtín. Ó rántí bóun ṣe yọ káàdì, bí ọwọ́ òun ò ṣe gbọ̀n rárá. Ojú tì í, òun nìkan nínú ilé ìwẹ̀ náà, ojú tì í dé ibi tó fi ba mọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n lè rí i láti ẹ̀yìn ògiri. Táìlì tó tẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn wọ́, àfi bó ṣe hú u.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé òun á ya wọ́n lẹ́nu. Òun á sáré dé igun yẹn lọ́jọ́ Sátidé, ẹsẹ̀ ì báà já. Ní ìrọ̀lẹ́, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé, ó sáré ìṣísẹ̀ márùn-ún, ó yí sí òsì, orúnkún sì kọ̀ fún un. Ó gbá ògiri mú. Nígbà tó máa gbójú sókè, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ tó ń sá.

"Bàbá wọn," ni obìnrin náà wí, "ta lẹ ń tàn jẹ? Tó bá jẹ́ èmi ni, owó yín ti wọgbó. Oṣù kẹta rèé tí mo ti mọ̀."

Rẹfirí sọ gbogbo rẹ̀ fún un nígbà náà, ti ilé ìwẹ̀ àti ti ètè Bíńtín. Obìnrin náà ò bá a wí. Ó kàn jókòó tì í lórí pèpéle títí ó fi parí ọ̀rọ̀, ó wá ní ilé ìwòsàn làwọn ń lọ láàárọ̀.

Obìnrin tó ń tọ́jú eegun àti iṣan nílé ìwòsàn kéré lọ́jọ́ orí ju àkọ́bí Rẹfirí lọ. Ó tẹ orúnkún náà níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó ní kó gun àpótí, kó sọ̀kalẹ̀. Ó ní nǹkan kékeré ni. Ìkúnlẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, sísáré ló sì ń ru ú sókè, iṣan itan rẹ̀ sì ti rọ. Kó máa fi tìmùtìmù sábẹ́ orúnkún níbi iṣẹ́, kó máa gbé ẹsẹ̀ náà sókè láràárọ̀ bóun ṣe fi hàn án. Ó lè rìn bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sáré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Inú Rẹfirí bàjẹ́ díẹ̀ pé nǹkan kékeré ni. Tó bá jẹ́ àìsàn ńlá ni, àwọn èèyàn ì bá bá a kẹ́dùn.

Láti ibẹ̀ ló ti lọ bá Tíṣà ní ilé ìwé. Ó gbé fèrè lé e lọ́wọ́, ó sọ fún un pé orúnkún ń dun òun, pé ó ti tó oṣù mẹ́ta tóun ti ń fi pamọ́, àti pé òun ò dé igun táǹkì mọ́. Ti Jíà ò jáde lẹ́nu rẹ̀. Lójú tirẹ̀, èèyàn ò tíì jẹ̀bi nǹkan kan títí tó fi máa ṣe é. Tíṣà, tó ti fi ọdún mẹ́fà gbé àsíá, tó sì mọ ìwé òfin bọ́ọ̀lù lórí, yí fèrè náà lọ́wọ́ títí, ó sì bi í pé kí ni Rẹfirí alára máa wá ṣe lọ́jọ́ Sátidé.

"Fún mi ní àsíá," ni Rẹfirí wí. "Apá táǹkì ni mo fẹ́ dúró sí. Màá rìn."

Nígbà tí Jíà rí i lọ́jọ́ Sátidé tó dúró sí igun náà pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nínú ìdajì àkọ́kọ́, ẹyọ góòlù kan tó mọ́ kedere làwọn awakọ̀ gbá wọlé. Nínú ìdajì kejì, ìhà táǹkì ni Bíńtín wá ń sáré bọ̀, Rẹfirí sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun fẹ́ kí ẹnì kan gbá ọmọ náà ṣubú. Ó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lójú òun, kóun lè gbé àsíá, kóun lè san díẹ̀ padà. Rẹfirí ò gbọ́dọ̀ fẹ́ nǹkan kan, ó mọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹ bí ebi.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan Bíńtín. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ nígbà tí Bíńtín gbé bọ́ọ̀lù dé igun, awakọ̀ kan sì ń bá a sáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìṣe nǹkan kan. Bíńtín wo ọ̀kánkán, ó rí i pé ẹ̀yìn àwọn yòókù bo Tíṣà lójú, kò sì ka Rẹfirí tó wà nítòsí sí. Ó wá ju ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sí àyà awakọ̀ náà, gbì. Awakọ̀ náà ká lulẹ̀. Bíńtín gbá bọ́ọ̀lù náà sáàárín, ẹgbẹ́ rẹ̀ kan sì fi orí kàn án wọlé. Àwọn ará ilé búrẹ́dì fò sókè, wọ́n dì mọ́ra. Tíṣà yí ojú sí Rẹfirí.

Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín òun àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹlòmíì tó rí i. Ó lè sọ pé òun ò rí i, ó ṣáà ti sọ ọ́ fún ọmọ yìí kan náà rí, òun àti ọmọ náà á sì dọ́gba. Bíńtín ti dúró, kò bá wọn jó, ó ń wò ó. Rẹfirí gbé àsíá sókè.

Tíṣà fọn fèrè, ó fagi lé góòlù náà. Èébú tí àwọn ará ilé búrẹ́dì bu lu Rẹfirí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé búrẹ́dì pàdánù. Jíà gba ife, ó fẹ́ wá bọ Rẹfirí lọ́wọ́, Rẹfirí sì ní kó máa lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀.

Bíńtín jókòó sórí koríko, ó ń tú okùn bàtà. Rẹfirí rọra jókòó tì í.

"Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n gbá ọ lẹ́nu ní igun yìí. Mi ò sí níbẹ̀. Orúnkún ń dùn mí, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́. Mo sọ ìwọ di òpùrọ́, mo tún fún ọ ní káàdì. Mo jẹ̀bi rẹ. Má bínú."

Bíńtín ò gbójú sókè. "Ti òní ńkọ́?"

"Ti òní, ìwọ lo jẹ̀bi."

Ọmọkùnrin náà fa okùn bàtà kejì títí ó fi tú. "Ẹ rí i," ló sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Mo rí i."

Nígbà tí Rẹfirí fẹ́ dìde, orúnkún náà kọ̀ ọ́, ó tún padà jókòó. Bíńtín na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde. Kò sọ pé òun ti dárí jì í, Rẹfirí náà ò sì béèrè. Wọ́n jọ rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà pápá, Bíńtín sì ń dín ìrìn rẹ̀ kù kí àgbàlagbà náà lè bá a dọ́gba.