Òjìji Ọdán Dé Orí Ẹní Mi

Ṣé kí n jáde ni, àbí kí n padà sínú yàrá kí n ní ara mi ò yá? Ẹní wà lábẹ́ apá mi. Agbádá tí mo fẹ́ ṣe ọnà sí lọ́rùn wà ní èjìká, abẹ́rẹ́ wà lára fìlà, òwú wà lápò. Kò sí ohun tí mo gbàgbé. Ẹsẹ̀ nìkan ni kò gbé — ẹsẹ̀ tó rìn dáadáa nígbà tí mo lọ kírun àárọ̀.

Igi lásán ni. Igi ọdán tí èmi Yẹ̀kínì fi ọwọ́ ara mi gbìn sí iwájú agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí gbogbo ilé rí mi nígbà tí mo ń gbìn ín. Ó ti ya ẹ̀ka. Ewé rẹ̀ ti ṣú. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí òjìji rẹ̀ ti gba odindi ẹní, tí mo sì ń wò ó láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí ń wo oúnjẹ nínú ààwẹ̀. Lánàá ni mo wá yanu, mo ní bí ilẹ̀ òní bá mọ́, abẹ́ rẹ̀ ni n ó ti ṣiṣẹ́. Ta ló rán mi?

Nítorí ohun tí wọ́n ń sọ nílé wa kò fara sin. Ẹni tó bá gbin ọdán kò ní jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí òjìji rẹ̀ bá tó jókòó sí ni yóò kú, bí kò bá tilẹ̀ ti kú ṣáájú. Èmi ò gbà á gbọ́. Mo sọ ọ́ lójú Mọ́gàjí, olórí ilé wa, pé n ò gbà á gbọ́... Mo gbà á gbọ́ díẹ̀. Ní òwúrọ̀ yìí, díẹ̀ yẹn ti pọ̀ sí i.

“Gé e kó tó pa ọ́.” Ohun tí ìyá mi wí nìyẹn nígbà tó gbọ́. Kò pariwo. Ó gbé àdá síwájú mi, ó kọ èèkù rẹ̀ sí mi, bí ẹni ń gbé oúnjẹ fún ọmọ. Mo ní, ẹ gbé e wọlé, ìyá mi. Ó gbé e wọlé. Àmọ́ ojú rẹ̀... ojú yẹn ló ń dá mi dúró báyìí ju igi lọ.

Bóyá kí n gé e. Inú rẹ̀ á dùn, èmi náà á sùn. Ká tún wá di ilé aláìnígi — rárá. Rárá o. Mo rántí ohun tí oòrùn fojú wa rí.

Ọdán mẹ́ta ló wà níbí tẹ́lẹ̀, arúgbó igi, inú wọn ti jẹrà. Ìjì kan já ẹ̀ka ọ̀kan lulẹ̀ sórí yàrá Àkíbù, ọmọ bàbá mi. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó wà ní mọ́ṣáláṣí. Mọ́gàjí pe àwọn agégi, wọ́n gé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú wa dùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ilẹ̀ mọ́, oòrùn wá jókòó tì wá, ó ń bá wa jẹun. Àwa tí à ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí aṣọ, inú ilé ṣókùnkùn jù fún wa, ìta sì ń jó. Òógùn mi kán sórí agbádá funfun tí ọkùnrin kan tó ń ra ekùrọ́ fún òyìnbó ní ìdíkọ̀ rélùwéè fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀. Bí a ṣe di ẹni tí ń ká ẹní lọ sí àdúgbò Ọ̀rányàn nìyẹn, tí à ń tọrọ ibòòji lágboolé onílé. Àwọn yẹn kò lé wa. Wọ́n kàn máa ń bi wá, bí wọ́n ti ń sún fún wa, pé ṣé ilé tiwa kò ní ilẹ̀ tí igi lè hù sí ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju oòrùn lọ.

Ilẹ̀ wà. Ẹni tí yóò gbìn ín ni kò sí. Àṣà ilé wa ni pé ẹni tó dàgbà jù ni yóò gbin ọdán, nítorí òun ló ti rí ayé. Ó kan Bàbá Rájí. Ikọ́ kò jẹ́ kó lè gbé ọkọ́. Àwọn méjì dì í mú lápá, ó fọwọ́ kan ẹ̀ka ọdán tí a fẹ́ gbìn bí wọ́n ti ń rì í mọ́lẹ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo wa, ó wọlé lọ dùbúlẹ̀. Àgbàdo ọdún yẹn kò tíì gbó tí a fi sin ín. Ẹ̀ka náà gbẹ, nítorí kò sẹ́ni tó jẹ́ bu omi sí ìdí rẹ̀. Bàbá Sàláúdéènì ló kàn. Bàbá Sàláúdéènì gbọ́, ó di ẹrù, ó lọ sóko, iṣu oko sì wá ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu débi pé kò wálé mọ́.

Ìgbà yẹn ni mo dìde láàárín ìpàdé, mo ní èmi yóò gbìn ín. Mọ́gàjí bi mí bóyá ara mi yá. Àkíbù fà mí láṣọ. Ìyá mi tú gèlè lórí, ó ká a mọ́ ọwọ́. Ẹ̀ka tútù tó nípọn tó itan ni mo gé, mo rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ní gbogbo ọyẹ́, omi tí Àtọ́kẹ́ ìyàwó mi bá fi ṣan ẹ̀fọ́, ìdí igi yẹn ló ń dà á sí, bí ẹni tí kò mọ ibi tí òun ń dà á sí.

Omi Àtọ́kẹ́... Kí n wá gbé àdá sí i?

Mò ń lọ. Ẹ wò ó, ẹsẹ̀ ti gbé. Àkíbù wà lẹ́nu ọ̀nà, pákò wà lẹ́nu rẹ̀, kò run ún. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìyá mi, mo rí etí ìró rẹ̀. Wọ́n ń wò mí bí wọ́n ti ń wo ẹni tí ń gun ọ̀pẹ láìní igbà. Mo tẹ́ ẹní. Mo jókòó.

Ó tutù. Bísímílááhì, ó tutù lẹ́yìn ọrùn mi bí omi inú àmù. Ó dùn mọ́ mi — àyà mi sì ń já. Níbo ni ikú máa ń gbà wọlé ná? Ẹsẹ̀ ni, àbí àyà? Mo fẹ́ fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́, òwú yà sí ọ̀tún. Mo tún un ṣe, ó yà sí òsì. Ọwọ́ tí kì í tàsé láti kékeré... Yé! Nǹkan ta mí lọ́rùn ẹsẹ̀. Ó ti dé. Ìyá mi, ó ti — èèrà ni. Èèrà pupa kan ṣoṣo. Mo tẹ̀ ẹ́ pa, mo wò yíká bóyá Àkíbù rí mi. Ó rí mi.

Ó dáa. Bí n ó bá lọ, kí n kúkú mọ àwọn tí n ó bá lọ́hùn-ún, àwọn tó gbin ọdán ṣáájú mi. Bàbá Rájí — ikọ́. Ṣáájú rẹ̀, Bàbá Bùráímọ̀, tó gbin ọ̀kan nínú mẹ́ta tí a gé. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ti fọ́ nígbà náà, wọ́n fà á lọ́wọ́ débẹ̀ ni. Ṣáájú tirẹ̀, ẹni tó bí bàbá bàbá mi, tó gbin ti àárín nígbà ogun Ìjàyè. Wọ́n ní kò ní eyín kankan lẹ́nu mọ́, ẹ̀kọ ni wọ́n ń pò fún un. Àti ẹni tó gbin ti àkọ́kọ́, tí wọ́n fi ẹní gbé jáde...

Dúró ná.

Afọ́jú. Aláìléyín. Ẹni tí wọ́n fi ẹní gbé jáde. Oníkọ́ tí kò lè gbé ọkọ́.

Dúró ná, Yẹ̀kínì. Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kí ọdán tó ní òjìji? Èwo nínú àwọn bàbá wọ̀nyí ni ìbá dúró dè é? Ká ní ata ni wọ́n gbìn, ẹlòmíì ni ìbá ká a.

Àwa la yàn wọ́n. À ń bẹ̀rù pé ọdán máa ń pani, nítorí náà à ń wá ẹni tó ti ń dágbére, à ń fà á lé e lọ́wọ́. Ó lọ, bó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. A wá mi orí, a ní ẹ ò rí i, igi ti pa á. Bó bá tún di pé ká gbìn, a tún lọ wá arúgbó. Bàbá sọ ọ́ fún ọmọ, ọmọ sọ ọ́ fún ọmọ tirẹ̀, kò sì sí ọ̀dọ́ kan ṣoṣo tó gbin ọ̀kan rí kí a lè rí i bóyá yóò kú.

Àfi èmi.

Àfi èmi — mo sì wà láàyè! Mo wà láàyè, èèrà ta mí, ebi ń pa mí, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu mi tí n kò lè dá a dúró. Àkíbù ti yọ pákò lẹ́nu, ó rò pé orí mi ti dàrú. Ẹ jẹ́ kó máa rò ó. Mo ti borí, mo borí ẹ̀rù tó ti jókòó sílé yìí ṣáájú kí wọ́n tó bí bàbá mi. A ò lọ sí Ọ̀rányàn mọ́. Bí àwọn ará Ọ̀rányàn bá fẹ́, kí wọ́n ká ẹní tiwọn wá, n ó sún fún wọn, n kò sì ní bi wọ́n ní ìbéèrè kankan.

Àyè méjì tó kù nínú ti igi mẹ́ta àtijọ́ ṣì ṣófo níbẹ̀ yẹn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá tún rọ̀, ara igi yìí ni n ó ti gé ẹ̀ka. Àtọ́kẹ́ yóò gbin ọ̀kan, ó kúkú ti bá mi gbin èyí láìwí. Àkíbù yóò gbin èkejì, bó fẹ́ bó kọ̀, kó lè rí abẹ́ nǹkan dúró sí máa wo èèyàn.

Ìyá mi jáde. Kò gbé àdá. Àpótí ìjókòó rẹ̀ ló gbé dání. Ó gbé e kalẹ̀ sínú oòrùn, sí etí òjìji gan-an, ó jókòó, ó ń wo ojú mi bóyá ẹ̀mí ṣì ń bẹ níbẹ̀. Mo sún ẹní díẹ̀. Ó dìde, ó fa àpótí náà wọ inú òjìji wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó fi gèlè nu ọrùn.

Lọ́jọ́ kan n ó kú, mo mọ̀. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, n ó ti darúgbó, n ó ti fọ́jú, wọn yóò máa po ẹ̀kọ fún mi. Wọn yóò sì sin mí tán, ẹnìkan yóò tọ́ka síbí, yóò ní ọdán ló pa Yẹ̀kínì. Kó máa wí. N ó ti jókòó tẹ́ mi lọ́rùn.

Mo na òwú sí ojú abẹ́rẹ́. Ó wọlé.