Aṣọ Tuntun fún Ìyá Hafeez

Ohun tí Hafeez sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù ni pé kó má wẹ̀.

“Mọ́mì, lọ́fínńdà tí mo fẹ́ rà fún yín lọ́la kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà o. Ti Dùbáì ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ òórùn ara èèyàn kí wọ́n tó mọ èyí tó máa bá a mu. Ẹ má wẹ̀, ẹ má fi ìpara kankan para. Aṣọ tẹ́ ẹ bá wọ̀ sùn, òun náà ni kẹ́ ẹ wọ̀ wá.”

Ìbíkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Èmi ìyá rẹ, kí n gbé òógùn lọ bá àwọn ọlọ́jà olówó ńlá? O fẹ́ kí wọ́n lé mi jáde ni?”

Hafeez ò bá a rẹ́rìn-ín. “Ẹ ṣáà ṣe bí mo ṣe wí,” ló sọ, ó sì pa fóònù.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Ìbíkẹ́ bí nìyẹn. Igi gẹdú ló wó pa bàbá rẹ̀ nínú igbó nígbà tí ọmọ náà ò tíì tó ẹni tó ń mọ ìwé kà, obì títà sì ni ìyá fi tọ́ ọ ní Òkè-Ṣọpẹ́n títí ó fi wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Nígbà tó yá, Hafeez ò béèrè owó oúnjẹ mọ́. Kò pẹ́ sí i, ó gbé mọ́tò wálé, mọ́tò dúdú tí èèyàn ò lè rí inú rẹ̀ láti ìta. Bí Ìbíkẹ́ bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, á ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun tún béèrè. Kò béèrè. Ẹnu tó ti jẹ dòdò, òdodo a máa ṣòro fún un láti sọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣe alùwàlá, ó kírun Sùbúhì, ó sì so ìró àná mọ́ra. Nínú takisí tó gbé e lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló jókòó sí, kí àwọn èrò yòókù má baà gbọ́ òórùn rẹ̀.

Bùtíìkì tí Hafeez ní kó wá bá òun, ilé ìtajà aṣọ olówó ńlá, wà lójú títì, kò jìnnà sí yunifásítì. Hafeez ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rù, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ. Ìbíkẹ́ na ọwọ́ láti gbá a mọ́ra, ó fà sẹ́yìn.

“Ọma mi, kí ló dé? Ara rẹ ò yá ni?”

“Ara mi yá, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ ká wọlé.” Kò fi Ìjẹ̀bú dá a lóhùn. Yorùbá ilé ìwé ló ń sọ, bí ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

Inú ilé ìtajà náà tutù bíi yìnyín. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀, Mary lorúkọ rẹ̀, kúnlẹ̀ kí ìyá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọjà jáde: léèsì funfun tó ń dán, ábáyà olókùúta wẹ́wẹ́, bàtà, báàgì tí awọ rẹ̀ rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Ìbíkẹ́ ò lè purọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó gbé léèsì náà sáyà níwájú dígí. Obìnrin tó rí níbẹ̀ ò jọ ẹni tó ti ru apẹ̀rẹ̀ obì rí.

Mary wá fín lọ́fínńdà díẹ̀ sí i lọ́rùn ọwọ́. Òórùn náà rinlẹ̀, ó dà bí igi olóòórùn dídùn tí wọ́n ń rọra sun.

“Màmá, tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó nílé, ẹ kọ́kọ́ wẹ̀ dáadáa. Ara tó mọ́ ló máa ń di òórùn yìí mú.”

“Wọ́n ní kí n má wẹ̀ wá ni,” ni Ìbíkẹ́ wí, ojú tì í díẹ̀. “Pé ẹ máa gbọ́ òórùn ara mi.”

Mary ya ẹnu. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? A kì í gbọ́ òórùn ara ẹnikẹ́ni o, Màmá.”

Ìbíkẹ́ yíjú sí ọmọ rẹ̀. Fóònù ni Hafeez tẹjú mọ́. “Ẹ lọ wọ léèsì yẹn wò,” ló wí.

Ìbíkẹ́ wọ yàrá kékeré tí wọ́n fi kọ́tìnnì dí. Bóyá ọmọ náà ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ ni. Ó bọ́ ìró, bùbá àti yẹ̀rì rẹ̀ sórí àga, ó wọ léèsì. Bó ṣe ń mú gèlè ló rí i nínú dígí pé kọ́tìnnì mì. Ọwọ́ kan wọlé. Wọ́n fi ọ̀rá wé ọwọ́ náà, bí ẹni tó fẹ́ mú ohun tó lè jó o. Ó kọjá lórí ìró, ó kọjá lórí bùbá, ó mú yẹ̀rì.

Ìbíkẹ́ fa kọ́tìnnì ya. Hafeez dúró níbẹ̀, ó ń ti yẹ̀rì ìyá rẹ̀ bọ inú ọ̀rá dúdú mìíràn.

“Hafeez, kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?”

“Ó ti gbó, Mọ́mì. Mo fẹ́ dà á nù ni.”

“Ìró náà ti gbó. Bùbá náà ti gbó. Kí ló dé tí o ò mú wọn? Kí ló dé tó o wé ọ̀rá mọ́wọ́?”

Òógùn bo iwájú orí ọmọ náà nínú òtútù yẹn. Fóònù rẹ̀ dún, kò gbé e. Ó tún dún.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tó fẹ́ fi í ṣoògùn owó ní ẹ ò ní kú. Wọ́n búra fún mi pé ẹ ò ní kú. Ó kàn máa dà bí àìsàn…”

Igò jábọ́ lọ́wọ́ Mary, òórùn dídùn náà sì kún gbogbo ilé débi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fún èèyàn lọ́rùn.

Ìbíkẹ́ gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó padà sẹ́yìn kọ́tìnnì, ó bọ́ léèsì, ó wọ aṣọ rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó di Hafeez mú lápá.

“Bá mi lọ sílé.”

“Wọ́n wà níta. Bí mi ò bá gbé e fún wọn lónìí, èmi ni wọ́n máa mú dípò.”

“Gba ẹ̀yìn jáde. Mary, ọmọ mi, ṣé ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn?”

Mary ti nawọ́ sí ọ̀nà ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n Hafeez ti já ara rẹ̀ gbà. Ìyá sáré tẹ̀ lé e dé ojú títì. Gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò dúdú Hafeez tó dúró níbẹ̀ wálẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan tó wọ agbádá mímọ́ sì tẹ orí fún un pẹ̀lẹ́, bí àna ṣe ń kí àna. Hafeez wọlé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mọ́tò ṣí.

Ìbíkẹ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọláníyọnu, ní Awà, àwọn méjèèjì sì lọ fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí. Wọ́n ní kí wọ́n máa retí. Fóònù Hafeez ò lọ mọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni apẹja kan tí Ọláníyọnu máa ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ní Abigi pè é, ó ní ọ̀dọ́kùnrin kan tó jọ ọmọ àbúrò rẹ̀ jókòó sétí omi, kò wọ bàtà, wọ́n ti fá orí rẹ̀ kodoro, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Wọ́n gbé e wálé. Ìbíkẹ́ wẹ̀ ẹ́ bí ọmọ ọwọ́, ó fún un ní ẹ̀kọ mu. Kò mọ èyí tó wà lọ́kàn òun jù, ìfẹ́ ni tàbí ẹ̀rù. Bó bá fọ aṣọ, inú yàrá ló ń sá a sí, ó sì ń ti ilẹ̀kùn pa.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ọ́ kan, Hafeez gbé ojú sókè nídìí oúnjẹ, ó sì sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, Ìjẹ̀bú ló sì fi sọ ọ́: pé wọ́n ń bọ̀ wá mú òun.

Ìyá rẹ̀ dìde, ó gbé àga rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì jókòó, ó kọjú sí títì.