Orúkọ Mi Nínú Kọ̀ǹpútà

Dókítà Akínwálé ló ni ilé ìwòsàn tí à ń lọ ní Fìdítì. Lọ́dún tó ra kọ̀ǹpútà, ó ní òun máa kó gbogbo ohun tó wà nínú káàdì àwọn aláìsàn sínú rẹ̀, síbẹ̀ ilẹ̀kùn òun ò ní tì fún ọjọ́ kan. Beatrice, ìyàwó àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló ń tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú nígbà tí gbogbo ìlú wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó fi di àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti dáná sun káàdì. Ọ̀làjú dé!

Kò pẹ́ sí i, ìṣó gún mi lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ wú bí iṣu. Dókítà ní abẹ́rẹ́ ni mo máa gbà lónìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ á bàjẹ́. Mo wá rántí abẹ́rẹ́ kan tó fẹ́ pa mí lọ́dún tó kọjá. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ o, káàdì mi ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Dókítà wá orúkọ mi, “Fátọ́kẹ́”, nínú kọ̀ǹpútà. Kò sí. Beatrice bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

“Ìwọ ìyàwó yìí, ibo lo sọ mí nù sí?”

Ó kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ẹ̀yin lẹ ní ọjọ́ tí mo bá pe orúkọ yín ni màá rí pupa ojú yín. Mi ò lè pè é, mi ò sì lè kọ ọ́.”

Òótọ́ ni. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Èmi ni mo kọ́ ọ, mi ò sì kábàámọ̀. Ìbàdíàrán ló ń pè mí. Orúkọ náà tẹ́ mi lọ́rùn, torí ìdí ọ̀hún ń bẹ.

“Ó dáa, tẹ Ìbàdíàrán.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí.

“Beatrice! Ẹsẹ̀ mi ń bàjẹ́ lọ o!”

Ó wolẹ̀. “Èyí tí mò ń pè yín tí ẹ ò bá sí nílé ni mo kọ. Mo rò pé kọ̀ǹpútà nìkan ló máa rí i.”

Dókítà ní kó tẹ̀ ẹ́. Ẹlẹ́nubíabẹ! Ó yọ gàǹgà, gbogbo èrò tó tò sẹ́yìn mi nàgà, wọ́n kà á. Yẹ̀yẹ́ mi dé! Abẹ́ rẹ̀ náà la ti rí i pé pẹnisílíìnì ni ara mi kọ̀. Dókítà fún mi ní òmíràn, ẹsẹ̀ mi sì san.

Nígbà tí mo padà lọ, mo ní kí wọ́n yí orúkọ burúkú yẹn padà. Dókítà ní ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí i ti padà sí Ìbàdàn, àti pé iṣẹ́ òun ò gbọ́dọ̀ dúró. Mo lọ jókòó. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó pariwo: “Ẹlẹ́nubíabẹ!” Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó tún un pè. Ẹni tó kàn lẹ́yìn mi ti ń dìde.

“Èmi rèé!”

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Beatrice nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

“Ẹ káàárọ̀ o, Ìbàdíàrán.”