Ihò Tí Télọ̀ Dí

Láti àárọ̀ ni Télọ̀ kò ti fi abẹ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé onítáyà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, irú àtijọ́ tí mọ́tò máa ń wọ́ kiri, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò wọ́ lọ síbì kan mọ́ láti ìgbà tí táyà rẹ̀ ti jẹrà. Sílíkóònù tó yí fèrèsé ká, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí ibi tí omi ń gbà wọlé, ló ń bó. Ó fi abẹ là á lókè, ó là á nísàlẹ̀, ó fi èékánná mú etí rẹ̀, ó fà á. Ó yọ díẹ̀, ó já. Ó tún mú un, ó tún já. Èyí tó kù lẹ̀ mọ́ páànù bí ayálégbé tó ti san owó ọdún méjì sílẹ̀.

Orí sílíkóònù ni sílíkóònù wà. Funfun ló wà lókè, aláwọ̀ eérú wà lábẹ́ rẹ̀, òmíràn tún wà nísàlẹ̀ ìyẹn tó ti pọ́n bí eyín arúgbó. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló fi gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Bí omi bá ti yọ lára ògiri, á gbé túùbù, á fa tuntun lé ògbólógbòó lórí, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á ní ó parí. Kò mọ̀ pé tuntun kì í di ògbólógbòó mú. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ ọ́ rí pé kí ó kọ́kọ́ bó ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní ta ni yóò kọ́ télọ̀ bí wọ́n ṣe ń lẹ àbùlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti kọjá àbùlẹ̀ báyìí. Ìyàwó rẹ̀ wà nílé ìwòsàn, àyà rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò ní òróró. Dókítà kò fi bọpo bọyọ̀. "Ilé tútù yẹn ló ń ṣe é. Tó bá padà síbẹ̀ bó ṣe wà yẹn, ẹ ò ní rí i gbé wá síbí lẹ́ẹ̀kan sí i." Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo náà ti sọ tirẹ̀. "Bàbá, ọ̀la ni wọ́n máa dá Màámi sílẹ̀. Tí mo bá fọwọ́ kan ògiri yẹn, tó bá ṣì tutù, ọ̀dọ̀ mi là ń lọ tààrà." Ọ̀dọ̀ rẹ̀ jìnnà, ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni, yàrá rẹ̀ kò sì lè gba àwọn méjèèjì. Télọ̀ mọ̀ pé bí ìyàwó òun bá lọ, ó lọ nìyẹn. Kò dúró jẹun kó tó mú abẹ.

Òjò sì ti ń ṣú.

Lọ́sàn-án, fóònù dún. Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Bàbá wọn, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun." Irọ́ ni.

"Ẹ má ba ara yín jẹ́ nítorí ilé yẹn o." Ó wúkọ́, ó dúró kí ikọ́ náà lọ tán. "Tí mo bá dé, mi ò ní se omi nínú ilé mọ́ rárá. Kódà kí òjò máa rọ̀. Ẹ forí jì mí."

 Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló ki ọ̀rọ̀ náà bọ̀ ọ́ lórí. Ọjọ́ tí ògiri kọ́kọ́ bu, tó dúdú lábẹ́ fèrèsé, ó wo kẹ́tùlù tó ń hó lórí sítóòfù, ó ní ooru omi ìyàwó òun ló ń ba ilé jẹ́. Kò dákẹ́ lórí ẹ̀ títí obìnrin náà fi gbé sítóòfù àti àpótí ìjókòó kékeré kan síta, tó ń jókòó sínú òtútù láràárọ̀ títí omi yóò fi hó. Níbẹ̀ ni ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ògiri kò kúkú gbẹ. Télọ̀ ní ooru ti tẹ́lẹ̀ ló ṣì kù nínú rẹ̀, àwíjàre kì í sáà wọ́n lẹ́nu télọ̀.

"Má sọ̀rọ̀ jù," ó sọ sínú fóònù, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Ó dé ìsàlẹ̀ fèrèsé, níbi tí sílíkóònù ti nípọn jù. Ó rọra ti abẹ bọ̀ ọ́ lábẹ́ kó má baà ha páànù, ó fà á. Lójijì, gbogbo rẹ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan, gígùn gbọọrọ bí ìgbànú. Ohun tó rí níbẹ̀ mú kó wá awò ojú rẹ̀. Ihò ni. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí etí rẹ̀ dán. Èkejì rẹ̀ wà lápá òdìkejì, wọ́n jọra.

Ẹlòmíràn ì bá ní páànù ló ya. Ṣùgbọ́n télọ̀ ni, ó mọ ìyàtọ̀ láàárín aṣọ tó ya àti ihò bọ́tìnnì. Èyí tó ya máa ń ṣe wúruwùru. Èyí tí wọ́n dìídì gé máa ń gún régé. Ẹni tó ṣe ilé yìí ló dìídì gé e. Kí ló fẹ́ kó gba ibẹ̀ kọjá?

Ó yọ abẹ́rẹ́ lára kọ́là rẹ̀, ó tì í bọ inú ihò náà. Ìdọ̀tí dúdú kan já bọ́. Omi tẹ̀ lé e. Omi òjò tó ti pẹ́, tó ń rùn, ó ń ṣàn gba ọwọ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò sì tètè tán.

Ìgbà náà ló yé e. Omi tó bá wọ ojú irin fèrèsé, ihò wọ̀nyí ló yẹ kó bá jáde. Òun ló dí wọn, tó tún ń dí wọn lórí dídí, nítorí òun kì í rí ihò kó fi í sílẹ̀. Omi kò rọ́nà lọ, ó yí sínú ògiri, níbi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń gbé orí sí sùn. Télọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí omijé dá, ó dìde. Ó bó àwọn fèrèsé tó kù títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó fi ike fá èyí tó lẹ̀ típẹ́típẹ́, ó ti aṣọ bọ sípírítì, ó nu ojú páànù títí kò fi yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mọ́. Ó fa tuntun sókè àti sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó fi ẹnu ihò sílẹ̀ nísàlẹ̀. Nínú ilé, ó yọ gbogbo pákó tó ti jẹrà dànù, ó gbé áyọ́ọ̀nù tó fi ń lọṣọ, ó ń fi lọ igi ògiri kó lè gbẹ, bí ẹni ń lọ ṣòkòtò máníjà báǹkì. Òjò fún un láyè díẹ̀ kó tó dé. Nígbà tó dé, ó dé tagbáratagbára. Télọ̀ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé igi náà, kò gbé e kúrò títí òjò fi dá.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ wọn kò tíì kí i tán tó fi lọ fọwọ́ kan ògiri. Ó fọwọ́ kàn án lókè, ó fọwọ́ kàn án nísàlẹ̀.

"Ó gbẹ," ó ní, bí ẹni tí kò fẹ́ gbà. Ó lọ mú ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò.

Obìnrin náà ti rù. Ó dúró mí díẹ̀, ó wo inú ilé yí ká, ó sì ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára: ó gbé kẹ́tùlù, ó kọjú sẹ́nu ọ̀nà.

Télọ̀ dúró dè é níbẹ̀. "Mo ti gbé sítóòfù wọlé. Inú ilé ni kí o ti sè é."

"Ògiri ńkọ́?"

"Ìyá wọn, kì í ṣe ooru omi rẹ. Ihò wà lábẹ́ fèrèsé tí omi ń bá jáde. Èmi ni mo fi sílíkóònù dí i. Láti ìgbà yìí wá, èmi ni mo ń ba ilé jẹ́."

 Obìnrin náà kò bú u, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó gbé kẹ́tùlù ka sítóòfù, ó ṣáná sí i. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí àpótí kékeré tó ṣì wà níta.

"Ẹ lọ jókòó síbẹ̀," ó ní, "títí á fi hó."

 Télọ̀ jáde, ó jókòó. Àpótí náà ṣì tutù látinú òjò àná, atẹ́gùn sì ń gba ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ wọlé. Kò pẹ́ tí eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn. Ó gbọ́ tí kẹ́tùlù hó. Ó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ wúkọ́, tó da omi sínú ife. Kò sẹ́ni tó pè é. Kò sì dìde.