Yẹtí Abẹ́ Àga

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: yẹtí tí Dígí afọkọ̀ rí lábẹ́ àga iwájú nínú ọkọ̀ Alága kì í ṣe ti ìyàwó Alága. Èmi mọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Ìyàwó Dígí tí kò tíì fojú kan ọkọ̀ náà rí pàápàá mọ̀. Dígí nìkan ni kò mọ̀, torí ó gbọ́n jù.

"Yẹtí ta nìyí?" Ìyàwó rẹ̀ fi ìka méjì gbé e sókè bí ẹni gbé aáyán. Inú àpò ṣòkòtò tó fẹ́ fọ̀ ló ti já bọ́.

"Ti ọ̀gá kan ni."

"Ọ̀gá ọkùnrin?"

"Ọkùnrin ni."

"Ó ń lo yẹtí?"

"Ṣé o ò ní jẹ́ kí n ṣàlàyé ni? Inú ọkọ̀ ẹ̀ ni mo ti rí i."

Obìnrin náà kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ dáadáa. Ìgbà tó jẹ́ òórùn ọṣẹ àti ìpara àga aláwọ nìkan ló bá níbẹ̀ ló tó jókòó. "Dá a padà sábẹ́ àga, bàbá ọmọ mi. O ò rí nǹkan kan."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ibi tí wọ́n fẹ́ kí n ṣubú sí gan-an nìyẹn."

Ẹ má bá a wí. Dígí ti fi ọkọ̀ akérò fífọ̀ sílẹ̀. Ó ti gba ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì, ó ti ra búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ju irun ọmọ tuntun lọ, ó sì ti búra pé ọkọ̀ bọ̀gìnnì nìkan lòun ó máa fọwọ́ kàn. Oṣù ń gorí oṣù, olówó kan ò yà. Àfi Alága, olórí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ bọ̀gìnnì, ló wá gbé tirẹ̀ sílẹ̀, tó ní kí Dígí gbé e wá sílé òun lọ́jọ́ ìpàdé kí àwọn yòókù rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á, ṣọ́ọ̀bù dúró. Bí wọn ò bá gbà á, ó di ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì pẹ̀lú korobá.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," ni Dígí wí. "Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni. Bí mo bá mú un, olè ni mí. Bí mo bá fi sílẹ̀, wọ́n á ní mi ò fọ abẹ́ àga. Bí mo bá sì fún Alága níkọ̀kọ̀, ta ló máa jẹ́rìí mi?"

"Ọlọ́run."

"Ọlọ́run kì í gbé ọkọ̀ wá fọ̀."

"Àṣejù, baba àṣetẹ́ o," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó bá aṣọ fífọ̀ rẹ̀ lọ.

Ká má purọ́, ọkọ̀ náà dán. Lọ́jọ́ ìpàdé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yí i po, wọ́n ń wo ara wọn lára bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fa ikùn wọlé.

"Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀la ni kó o wá gbé tèmi," ni ọ̀kan wí.

"Irọ́ ni, tèmi ló máa kọ́kọ́ gbé!"

Ọ̀rọ̀ tán. Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n Alága ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì mọ́ lójú Dígí. Wọ́n ṣì ń dán òun wò! Ó bá wọn wọ pálọ̀, ó wú ikọ́.

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ó ku nǹkan kan. Ohun yòówù kí n rí nínú ọkọ̀ yín, bó ṣe abẹ́rẹ́, gbangba ni n ó ti gbé e jáde, níwájú ẹlẹ́rìí." Ó gbé yẹtí lé orí tábìlì, ó ń retí àtẹ́wọ́.



"Ìyá àwọn ọmọ," ni Alága sọ kíákíá, "yẹtí tó ò ń wá rèé."

Ìyàwó rẹ̀ tó ń pín omi fún àlejò rọra gbé àwo sílẹ̀. Ó wo yẹtí náà. Ó wá tú ìborí rẹ̀, ó sì yí etí ọ̀tún àti ti òsì sí wọn.

"Wọn ò lu etí mi rí." Dígí ló ń bá sọ̀rọ̀, kò wo ọkọ rẹ̀. "Ẹ ṣeun, ọ̀gbẹ́ni. Ẹ mà fọ̀ ọ́ mọ́ o."

Ká tó pajú pẹ́, pálọ̀ ti ṣófo. Dígí fa káàdì rẹ̀ yọ, ó sáré tẹ̀ lé àwọn oníbàárà rẹ̀ jáde. Oníkálukú ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀, ó ti ki orí bọ abẹ́ àga, ìdí nìkan ló kù níta. Ẹni tó ní ọ̀la ni kó wá gbé tòun ń fi iná fóònù wá tirẹ̀.

Wọ́n wá a títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì wakọ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó gba káàdì.