Ẹni Tó Wá Wo Ilé Ẹ̀kọ́ Etí Odò

"Ẹni tó bá dárúkọ ọkọ̀ ojú omi lónìí, èmi àti ẹ̀ ni," ni Ramsanehi Verma, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, wí. Ó dúró níwájú kíláàsì kẹfà nínú súwẹ́tà rẹ̀ tó ti ya ní ìgbọ̀nwọ́, ó ń na ìka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé ẹ gbọ́? Kò sí ọkọ̀. Kò sí àkúnya omi. Bí àlejò bá bi yín nípa odò, kí lẹ máa sọ?"

"Odò wà láyè rẹ̀, Ọ̀gá," ni àwọn ọmọ náà pariwo pọ̀.

"Ọpọlọ yín pé."

Mridula Khare jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò dá sí i. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kí ojúmọ́ tó mọ́. Ó ti fi omi tútù wẹ̀ nínú kùrukùru òwúrọ̀, ó sì wọ sárì aláwọ̀ ewé tí kì í wọ̀ wá síbi iṣẹ́, torí ọ̀gá ní kó múra bí ẹni tí àna fẹ́ wá wò. Ọ̀rọ̀ náà kò kúkú jìnnà sí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ra sàmósà sílẹ̀, wọ́n ti gbálẹ̀, àwọn ọmọ ti fọjú. Ọkọ̀ ojú omi tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ńkọ́? Wọ́n ti fi pòròpórò ìrẹsì bò ó mọ́lẹ̀ títí tó fi dà bí òkìtì oúnjẹ màlúù.

Ọdún mọ́kànlá ni Mridula ti ń kọ́ni ní èdè Hindi ní Pakariya Ghat, létí odò Ghaghra. Jhansi nilé rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin méjì àti bọ́ọ̀sì kan ló wà láàárín. Ibẹ̀ ni Apala, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń gbé lọ́dọ̀ ìyá Mridula. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí ọmọ náà tó rìn, owó oṣù yìí nìkan ló sì ń bọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà kò ṣeé fi sílẹ̀. Olùkọ́ ìjọba kì í sì í kàn kó ẹrù kúrò níbi tí wọ́n bá fi í sí. Àfi kó rí olùkọ́ mìíràn tó fẹ́ wá sípò rẹ̀, kí òun náà lọ sípò ẹni yẹn, kí àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ sí pàṣípààrọ̀ náà lórí fóònù kí ọjọ́ tó pé. Aago márùn-ún ọ̀la ni ọjọ́ pé.

Ẹni méjì ti wá wo Pakariya Ghat rí. Ẹni àkọ́kọ́ dé lóṣù kẹjọ, ó rí omi, kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tó gbé e wá. Èkejì ní òun á ronú sí i, ó ṣì ń ronú di bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi ní kí ẹlẹ́ẹ̀kẹta wá lóṣù kìíní, nígbà tí odò bá ti sá jìnnà, tó jẹ́ pé iyanrìn àti ọ̀nà gbígbẹ lèèyàn máa rí.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé àlejò náà dé. Vandita Shukla lorúkọ rẹ̀, kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ó gbé ọmọ oṣù mẹ́jọ mọ́ àyà nínú aṣọ òtútù. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ṣúgà tó wà nílùú kejì sí Pakariya Ghat. Òun ní tirẹ̀ ń kọ́ni ní Jhansi, nílé ẹ̀kọ́ tí kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú sílé ìyá Mridula. Ẹni tó bá ní kí Ọlọ́run fọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹni fún òun kò lè rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ má jẹ́ kí n dí yín lọ́wọ́ o," ni Vandita wí, ó wá àyè jókòó lẹ́yìn kíláàsì. "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Mo fẹ́ gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń dáhùn."

Mridula mú ṣọ́ọ̀kì. "A ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀ láti àná nípa ọ̀rọ̀ tá a fi ń ṣàpèjúwe nǹkan nígbà tí nǹkan náà ṣì wà lẹ́nu ohun tó ń ṣe. Kì í ṣe èyí tó ti ṣe é tán o. Kì í ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe é." Ó kọ ọ́ sára pátákó: *bahta pani*. "Omi tó ń ṣàn. Tó bá wá jẹ́ odò ló ń ṣàn ńkọ́?"

"*Bahti nadi*!"

"Kí ló dé tí ẹ yí ìdí ọ̀rọ̀ náà padà?"

"Torí obìnrin ni odò nínú èdè Hindi, Àǹtí," ni wọ́n dáhùn.

"Kì í sì í ṣe obìnrin rere," ni Chhotelal wí láti ẹ̀yìn. Ọ̀gá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wúkọ́.

"Ó dáa. Ẹ fún mi ní tiyín," ni Mridula wí kíákíá.

"Ọmọ tó ń sunkún," ni ẹnì kan wí, torí ọmọ àlejò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

"Tíì tó ń hó."

"Òrùlé tó ń jò," ni Rajkumari wí, ó sì nàka sókè kó má baà sí àṣìṣe.

Ọ̀gá tún wúkọ́, ṣùgbọ́n Vandita rẹ́rìn-ín. "Òrùlé wo ni kì í jò? Tiwa lọ́hùn-ún náà ń jò sí mi lórí."

Ọkàn Chhotelal balẹ̀. "Ọ̀gá tó ń sùn," ló fi kún un.

"Mo kàn dijú ni," ni ọ̀gá wí, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Mridula pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó ń ronú pé ọ̀rọ̀ náà máa bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kẹta yìí. Ó ti ń rí ara rẹ̀ tó ń di irun Apala láàárọ̀, tó ń bá a jà torí iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìjà kékeré bẹ́ẹ̀ ń wù ú gan-an.

Vandita wá yíjú sí ọmọbìnrin tó jókòó sí iwájú rẹ̀. "Kí lorúkọ rẹ?"

"Sugandha."

"Sugandha, lásìkò òjò, ibo lodò yìí máa ń dé?"

Gbogbo kíláàsì yíjú sí Sugandha. Odò ti gbé ilé bàbá Sugandha lọ lọ́dún méjì sẹ́yìn, pátápátá, títí kan igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Orí ebè gíga tí ìjọba mọ láti fi dí omi ni wọ́n ń gbé báyìí, lábẹ́ tapólì. Ọmọ náà dìde, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ó máa ń wà láyè rẹ̀ ni, Àǹtí."

Lẹ́yìn náà ló bojú wo Mridula, bóyá òun sọ ọ́ dáadáa.

Ojú ti Mridula. Ọdún méjì ló ti ń bá ọmọ yìí ṣàtúnṣe ìdí ọ̀rọ̀, ohun tó wá kọ́ ọ lónìí nìyí.

Nígbà ìsinmi, wọ́n jókòó ní yàrá ọ̀gá, tíì àti sàmósà wà níwájú wọn. Vandita ti fún ọmọ lọ́mú, ọmọ náà ti sùn. "Kí n má fọ̀rọ̀ falẹ̀, ó tẹ́ mi lọ́rùn," ló wí. "Àwọn ọmọ yín lójú, wọ́n lẹ́nu. Láàárọ̀ ọ̀la mo máa fọwọ́ sí i. Ẹyọ nǹkan kan ló kù. Ṣé mo lè máa gbé ọmọ wá síbi iṣẹ́? Kò sẹ́ni tó máa mójú tó o nílé."

"Ẹ máa gbé e wá," ni ọ̀gá wí. "Ìyá tó ń se oúnjẹ fáwọn ọmọ á máa bá yín gbé e. Lójoojúmọ́ ayé ni kẹ́ ẹ máa gbé e wá."

Mridula wo ọmọ náà. Ó wo ọ̀gá. Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín."

"Ìyáàfin Khare, tíì yín ń tutù," ni ọ̀gá wí.

"Láti oṣù keje títí di oṣù kẹsàn-án, kò sí ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà wá yìí. Abẹ́ omi ló máa ń wà. Ọkọ̀ la fi ń dé ibí. Ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, omi wọnú rẹ̀ nígbà tá a dé àárín. Omi mù mí dé ọrùn. Chhotelal àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fà mí jáde. Kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ o, n kò gbé ọmọ dání."

Vandita fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà jí ọmọ. "Kí ló dé tẹ́ ẹ sọ fún mi? Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa bá ọkọ mi gbé. Ẹ ì bá jẹ́ kí n fọwọ́ sí i, kí n dé, kí n máa ṣépè fún yín. Ẹ ti máa wà nílé yín nígbà yẹn."

"Mo mọ̀."

"Kò sóhun tí mo lè ṣe sí i mọ́ báyìí. Bí mo bá sọ fọ́kọ mi, kò ní gbà. N kò sì lè má sọ fún un."

"Mo mọ̀, àbúrò mi."

Vandita we ọmọ rẹ̀ mọ́ inú aṣọ. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà bí ẹni tó fẹ́ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó kàn mirí, ó sì lọ wọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá mú sàmósà tí àlejò kò fọwọ́ kàn, ó jẹ ẹ́ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹyẹ ò sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀," ló wí. "Ẹ̀yin wá lọ sọ. Ta ló tún máa wá báyìí?"

"N kò mọ̀, Ọ̀gá."

"Mo ṣe é torí yín ni o. Ó ti sú mi kí n máa wo ojú yín láràárọ̀."

Nígbà tí Mridula padà sí kíláàsì, àwọn ọmọ ń dúró dè é. "Àǹtí, a ò sọ nǹkan kan," ni Sugandha wí. "Ẹnì kankan ò dárúkọ ọkọ̀."

"Mo gbọ́. Èmi ni mo sọ ọ́." Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò yé wọn. "Kò yẹ ká ní kẹ́ ẹ purọ́. Ẹ má bínú. Ẹ ṣí ìwé yín."

Ó pe Apala lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí wọ́n jáde. Orí ìpele àtẹ̀gùn ló jókòó sí, ó bọ́ bàtà.

"Ṣé ó ti fọwọ́ sí i?" ni ọmọ náà bi í kó tó kí i.

"Rárá. Kò ní fọwọ́ sí i mọ́."

"Ṣé odò yẹn ló rí ni?"

"Kò rí i. Mo sọ fún un ni. Ó fẹ́ máa gbé ọmọ rẹ̀ wá."

Mridula ń dúró kí ọmọ náà sunkún, tàbí kó gbé fóònù fún ìyá àgbà bó ṣe máa ń ṣe bí inú bá ń bí i.

"Oṣù mélòó lọmọ náà?"

"Mẹ́jọ."

"Èmi ńkọ́? Oṣù mélòó ni mí nígbà tẹ́ ẹ lọ?"

"Mọ́kànlá."

"Torí odò yẹn lẹ ò ṣe mú mi lọ?"

"Torí ẹ̀ ni."

"Ẹ ò sọ fún mi rí. Ibi iṣẹ́ jìnnà, ibi iṣẹ́ jìnnà, ohun tẹ́ ẹ máa ń sọ nìyẹn. Mo rò pé ẹ kàn lọ ni, Mọ́mì."

Mridula fi ọwọ́ bo ojú. N kò mọ ìyá tí ọ̀rọ̀ yẹn kò ní dùn. Ọdún mọ́kànlá ló fi fi ẹ̀rù odò pa mọ́ fún ọmọ kí ọmọ má baà bẹ̀rù, ọmọ sì ti gbé ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú láti ìgbà náà.

"Mo fẹ́ wá rí i," ni Apala wí. "Bá a bá gba ìsinmi lóṣù karùn-ún. Ẹ ní omi kì í sí nígbà yẹn."

Ọdọọdún lọmọ náà ń bẹ̀ ẹ́, ọdọọdún ni Mridula sì ń ní rárá, ibẹ̀ kò dáa fún ọmọdé, dúró títí ìwé tí wọ́n fi máa gbé mi wá sílé á fi jáde.

"Máa bọ̀," ló wí. "Mú bàtà tó nípọn dání. Iyanrìn ibí máa ń jóni lẹ́sẹ̀ lóṣù karùn-ún."