Ògiri Bàbá Àlàó

Bí ẹ bá ti gba Àpáta kọjá rí, ẹ ó ti rí ògiri Bàbá Àlàó. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ gàdàgbà: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Sùrájù, àbúrò wọn, ló fà á. Ìgbà tí Bàbá lọ sí Mẹ́kà ló fẹ́ ta ilé ọ̀hún lẹ́yìn wọn. Láti ìgbà náà, kò yà síbẹ̀ mọ́. Ta ni yóò wọ ilé tí ògiri rẹ̀ ń pè é lólè? Ó ń dun Bàbá wọra. Àbúrò kan ṣoṣo tí wọ́n ní nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá máa ṣọ́ ilé?

Lọ́jọ́ tí wọ́n san owó tí wọ́n fi ilé yá tán, wọ́n gbé àpò ńlá lọ sí báńkì ní Dùgbẹ̀, wọ́n ní àwọn wá gbàwé. Nabeelah, ọmọbìnrin tó ń bójú tó ìwé ilé àwọn tó yáwó, ní kí wọ́n wá wo kọ̀ǹpútà òun.

"Inú ibí ni ìwé yín wà, Bàbá."

Ó tẹ nǹkan kan. Orúkọ báńkì parẹ́ lára ilé, ó ku orúkọ Bàbá nìkan. Ó ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ti rí i lójú ẹsẹ̀.

Bàbá ò gbà. "Ọmọ mi, ìwọ náà gbìyànjú kí o tà á, kí n rí i."

Nabeelah rẹ́rìn-ín, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí ibi tí orúkọ ẹni tó fẹ́ rà á ń wà. Kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀. Fóònù kékeré dún lápò Bàbá. Nabeelah kà á fún wọn: ẹnìkan fẹ́ gba ilé yín, ṣé ẹ fọwọ́ sí i?

"Àfi tí ẹ̀yin fúnra yín bá ní bẹ́ẹ̀ ni," ló wí.

Bàbá ò lè pa ẹnu dé. Ẹ̀rù bà wọ́n, omi sì lé sí wọn lójú.

"Lóru ńkọ́? Ṣé kì í sùn?"

"Kì í sùn, Bàbá."

"Sùbùhánálláhì," ni wọ́n ń wí jẹ́jẹ́ títí wọ́n fi jáde.

Garawa ọ̀dà funfun ni wọ́n fi àpò ńlá yẹn gbé délé. Wọ́n ń kun ògiri lọ́wọ́ nígbà tí aládùúgbò kan bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti ta ilé ni. Sùrájù ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Máa bọ̀ wá jẹun. A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí."

Sùrájù dé kí oòrùn tó wọ̀. Ó dúró níwájú ògiri pẹ́, ó ń fọwọ́ wá ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dà ò tíì gbẹ. Nígbà tó wọlé dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì funfun.